Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó ọjà ìyá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Ìyá mi ń ta iṣu n'Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ní kí wọ́n máa lo amlodipine lójoojúmọ́ àmọ́ tọ́jà ò bá ti tà, ńṣe ni wọ́n máa fi ọ̀bẹ gé hóró kan sí méjì, wọ́n á ní ìyókù dọ̀la, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ alájọ lówó láé! Òòyì wá kọ́ wọn nídìí iṣu, wọn ò lè lọ sọ́jà mọ́, gbèsè oníṣu ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìnṣọ́ráǹsì ìlera ìjọba Èkìtì yẹn, ṣé oníṣòwò kékeré lè wọ̀ ọ́, ṣé wọ́n ń fún èèyàn lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, ibo la ti ń forúkọ sílẹ̀? Ẹ má dárúkọ àgbo fún mi o, ó wà nílé rẹpẹtẹ.