Báwo la ṣe lè sọ ìtàn Betty Mae Jumper fún ọmọ ọdún 9?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé olójú ewé 16 ni mò ń kọ fún àwọn ọmọ ọdún 8 sí 10, lórí Betty Mae Tiger Jumper, obìnrin àkọ́kọ́ tó darí àwọn Seminole, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn alàgbà ẹ̀yà náà fẹ́ pa á ní kékeré. Báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn tí ẹ̀rù ò fi ní ba ọmọdé? Ọdún ìbí rẹ̀ ńkọ́? Ibì kan kọ 1922, òmíràn kọ 1923. Iṣẹ́ rẹ̀ wo ni kí n fẹ̀ lójú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Èsì 1

Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ pípa yẹn kúrò. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọmọ ò ní mọ ìdí tí ẹbí náà fi kúrò nítòsí Indiantown lọ sí Dania, ìlú méjì ní Florida, ní 1928. Ohun tó máa ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni kí òǹkọ̀wé sọ ọ́ bí ẹni pé ìkà ni àwọn alàgbà, kó sì kọjá lọ. Ogun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Amẹ́ríkà bá Seminole jagun láàárín 1817 sí 1858. Wọ́n fipá kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, sí ibi tó di Oklahoma. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ṣẹ́ kù nínú àbàtà Everglades ní Florida. Ẹ̀rù tí ogun yẹn fi sílẹ̀ ló wà nídìí òfin pé ọmọ tí òyìnbó bí kò gbọdọ̀ yè. Òyìnbó ọmọ Faransé ló bí Betty Mae àti Howard àbúrò rẹ̀. Nígbà tí àwọn alàgbà wá láti pa wọ́n, Jimmie Gopher, mọ̀lẹ́bí ìyá wọn, gbé ìbọn, ó sì dáàbò bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ewu àti ìgbàlà wà lójú ewé kan náà, kí ọmọ má dúró sí ibi tó bani lẹ́rù.

Ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìdílé náà. Ìdílé ìyá ni ọmọ Seminole ń jẹ́. Ọmọ Yorùbá tó mọ ti bàbá máa rò pé Betty Mae ò ní ìdílé. Ó ní ìdílé: ti Ejò ni, nítorí ti Ejò ni Ada Tiger ìyá rẹ̀.

Èsì 2

Ní ti ọdún ìbí rẹ̀, ẹ kọ "ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920", kí ẹ má sì kọ ọjọ́ orí tó fi kú. Ọjọ́ tó kú, 14 oṣù kìíní 2011, ti tó.

Ẹ tún gbólóhùn "obìnrin àkọ́kọ́" yẹn ṣe, torí kò péye. Ní 1922 ni ààrẹ Amẹ́ríkà ti yan Alice Brown Davis ṣe olórí Seminole ti Oklahoma. Betty Mae ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n *dìbò* yàn ṣe alága Seminole ti *Florida*, 1967 sí 1971. Ẹ má sì kọ "èdè Seminole". Èdè méjì ló wà, Mikasuki àti Creek, ó sì gbọ́ méjèèjì.

Èsì 3

Ilé-ìwé ni kí ẹ fún ní ojú ewé tó pọ̀ jù, ó kéré tán mẹ́rin. Ìwé àwòrán tó rí lọ́wọ́ ọmọ mìíràn ló mú kó fẹ́ mọ ìwé kà. Ní Florida, ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ funfun kọ̀ ọ́, ti àwọn aláwọ̀ dúdú náà kọ̀ ọ́. Ní 1937 ó lọ sí Cherokee, ní North Carolina, láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1945 ó gboyè girama. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún kan ní Oklahoma, ó wá padà sílé láti máa fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ń fi èdè ìyá wọn ṣàlàyé fún àwọn òbí.

Nígbà tó di alága, dọ́là 35 ló wà lápò ẹ̀yà náà. Nígbà tó fi máa kúrò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Ẹ má so èyí mọ́ tẹ́tẹ́ o! Ní 1979 ni gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ bíńgò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé kí n fi ìjàkadì pẹ̀lú ọ̀nì sí i?

Èsì 3

Ẹ fi sí i, gbólóhùn kan: iṣẹ́ tí Moses ọkọ rẹ̀ fi ń jẹun ni. Ṣùgbọ́n ẹ má yàwòrán rẹ̀ sí èèpo ìwé. Àpò nọ́ọ̀sì ni kí ẹ yà sọ́wọ́ Betty Mae níbẹ̀.