Dáínósọ̀ tó wà láyà jézì Toronto Raptors àtijọ́

Ọmọ Òkè-Àjẹ (Ìjẹ̀bú-Òde): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra jézì òkìríkà elésè àlùkò kan ní ọjà Òkè-Àjẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n ya ẹranko pupa kan sí níwájú, tó ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dá bàtà lu. Ìyá tó tà á fún mi ní awọ́nríwọ́n ni. Orúkọ Olajuwon àti nọ́ńbà 34 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Houston Rockets ti Amẹ́ríkà ni mo mọ̀ mọ́ Hakeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Kí ló wá pa òun àti ẹranko yìí pọ̀, kí sì ni ìtàn àmì náà?

Ará Ṣágámù: Dáínósọ̀ ni, ẹ bá mi kí ìyá náà. Toronto Raptors, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti ilẹ̀ Kánádà, ló ni ín. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ẹgbẹ́ náà ní 1994, fíìmù dáínósọ̀ Jurassic Park tó jáde ní 1993 ṣì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, orúkọ Raptors, ìyẹn irú dáínósọ̀ kan, ló sì wọlé nínú ìdíje tí wọ́n ṣe káàkiri ilẹ̀ náà. Wọ́n ti kọ́kọ́ ronú àtijí Huskies dìde, ìyẹn ẹgbẹ́ Toronto ti 1946, ṣùgbọ́n ajá tí wọn ì bá yà ì bá jọ ìkookò ẹgbẹ́ Minnesota Timberwolves jù. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń yan aṣọ Ojúde Ọba yóò mọ irú wàhálà yẹn. Àwọ̀ fàdákà inú àmì náà, James Naismith ni wọ́n fi sọ, ọmọ Kánádà tó dá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní 1891.

Ọmọ Ìpẹ̀rù: Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n jézì yín ń kọ mí lóminú. Láti 1995 títí di 1999 ni dáínósọ̀ ńlá yẹn fi wà láyà wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣì jẹ́ àmì ẹgbẹ́ títí wọ́n fi gbé bọ́ọ̀lù tí èékánná ha wọlé ní 2015. Sáà kan ṣoṣo ni Hakeem lò níbẹ̀, 2001 sí 2002, kó tó fẹ̀yìn tì. Kò wọ èyí tí ẹ rà yẹn rí.

Ọmọ Òkè-Àjẹ: Ẹ ṣeun, sà. Mo ti lọ wò ó. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ti fẹ́ ṣí, ihò òwú àtijọ́ wà lábẹ́ orúkọ náà, ó sì nà kọjá ibi tí Olajuwon parí sí.

Ọmọ Ìpẹ̀rù: Damon Stoudamire ni ọmọ tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 1995, nọ́ńbà 20 ló sì ń wọ̀. Ẹ yẹ abẹ́ 34 yẹn wò.