Ọmọ mi fẹ́ kọ́ sáíkọ́lọ́jì: iṣẹ́ wo ni yóò fi ṣe?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọbìnrin mi fẹ́ fi sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn, sínú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní lọ máa bá alárùn ọpọlọ gbé. N kò fẹ́ dí ọmọ lọ́nà, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ lo ọdún 4 tán, kí ó wá jókòó sílé. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni ó wà nídìí ẹ̀kọ́ yìí?

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Ìyá wa. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó wọlé: oyè àkọ́kọ́ nìkan kò sọ ènìyàn di ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Ó gbọ́dọ̀ tún gboyè másítà nínú ẹ̀ka ìtọ́jú, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. Dókítà ọpọlọ ni ó ń kọ oògùn, nítorí ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́ ní tirẹ̀. Àwa a máa ṣe àyẹ̀wò ìrònú àti ìwà, a sì máa ń fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ó ní ètò tọ́jú ènìyàn. Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, l'Abẹ́òkúta, láti àwọn ọdún 1950 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, tí ó jẹ́ dókítà ọpọlọ, ti mú kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé nígbà tí ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́.

Adùnní: Èmi kò tọ́jú aláìsàn rí, Mà. Oyè àkọ́kọ́ yẹn ni mo ní, ẹ̀ka tí ń gba òṣìṣẹ́ ní báńkì ni mo sì wà. Nínú àwọn tí a jọ jáde, ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹlòmíràn ń ṣe ìwádìí ọjà. Ìṣirò ni kí ẹ mójú tó, torí pé òun ni a fi ń túmọ̀ gbogbo ìwádìí tí a bá ṣe, ó sì da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú. Bí ó bá jẹ́ olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́ dà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó wò.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá rẹ̀ ti ka ọ̀rọ̀ Àró yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n bi yín: ọdún mélòó ni másítà náà yóò gbà?

Bàbá Ìbejì: Kí ẹ fi ọdún 2 sọ́kàn, ó kéré tán, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó rẹ̀ láti ìsinsìnyí.