Ata Carolina Reaper: báwo lẹ ṣe ń lò ó tí adùn rẹ̀ á fi jáde?

Alásè_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní Carolina Reaper tútù bíi ogún, gbogbo wọn ti pọ́n. Mo fẹ́ fi díẹ̀ ṣe ọbẹ̀ ata inú ìgò, kí n sá ìyókù gbẹ, kí n sì lọ̀ ọ́. Tí mo bá yọ hóró rẹ̀, ṣé títa rẹ̀ á rọlẹ̀?

Ológbà_Ata:
Hóró kọ́ ló ń ta. Awọ funfun tí hóró so mọ́ nínú ata ni capsaicin, èròjà tó ń mú ata ta, pọ̀ sí jù. Ibẹ̀ ló ti ń ran hóró. Ẹ là á sí méjì, kí ẹ fi ṣíbí kékeré ha awọ náà kúrò. Àmọ́ ẹ má retí ìyàtọ̀ púpọ̀, torí capsaicin wà lára ata fúnra rẹ̀ pẹ̀lú nínú irú èyí. Ẹ̀yà ata kan náà, Capsicum chinense, ni òun àti ata rodo, ìyẹn ló fi ń ta sánsán bí èso. Ṣùgbọ́n ata rodo kì í sábà kọjá 350,000 lórí òṣùwọ̀n Scoville tí wọ́n fi ń wọn títa ata. Ti Reaper jẹ́ 1,641,183 ní ìpíndọ́gba. Ọdún 2023 ni ata mìíràn, Pepper X, tó gba ipò kìíní nínú títa lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́bẹ̀_Ìgò:
Reaper méjì péré ti tó. Ẹ fi kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé kún un kó pé 500 g, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì po iyọ̀ 15 g mọ́ ọn. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, kí ẹ nu ẹ̀gbẹ́ ìgò dáadáa: èyí tó bá lẹ̀ mọ́ òkè ló máa ń kọ́kọ́ bu. Ẹ má dé e pinpin o, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde bó ṣe ń kan lè fọ́ ìgò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ da fínígà sí i, kí ẹ wọn pH (òǹkà tó ń fi bó ṣe kan tó hàn; bó bá ṣe kéré sí ló ṣe ń kan sí). Kó má ju 4 lọ. Ẹ má sè é pẹ́. Òórùn dídùn rẹ̀ ló máa bá ooru lọ, títa rẹ̀ kò ní kúrò.

Amúbíiná:
Èyí tí ẹ fẹ́ gbẹ, ẹ là á kẹ́ ẹ tó sá a. Odindi a máa bu nínú kó tó gbẹ. Ooru 55 sí 60°C ló dára, títí tó fi ń ṣẹ́ pó. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀rọ, kí eruku rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Tó bá kan ọwọ́, òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa á, lẹ́yìn náà ọṣẹ ìfọbọ́. Capsaicin kì í yọ́ nínú omi. Ìdí nìyẹn tí wàrà fi ń pẹ̀rọ̀ sí ẹnu ju omi lọ.

Alásè_Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè rẹ tútù rẹ̀ sínú òróró kí n gbé e sórí pẹpẹ?

Ọlọ́bẹ̀_Ìgò:
Rárá o! Ata tútù lómi nínú, òróró sì ń dí afẹ́fẹ́. Kòkòrò àrùn botulism (májèlé inú oúnjẹ tó lè pani) lè pọ̀ síbẹ̀ láìjẹ́ pé òórùn rẹ̀ yí padà. Èyí tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ lò. Ẹ kó tútù tó ṣẹ́kù sínú fìrísà ní odindi.