Tí omi bá tutù, ṣé mólékù inú ẹ̀ ń sùn ni?

Ìyá Tòlú:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Tíṣà wọn ní kí wọ́n bu omi fíríìjì sínú kọ́ọ̀bù kan, kí wọ́n bu omi gbígbóná sínú ìkejì, kí wọ́n wá kán íǹkì sí méjèèjì, kí wọ́n má fi ṣíbí kàn án rárá. A ṣe é ní kíṣìnì lánàá. Ti omi gbígbóná, kíá ló ti di búlúù. Ti omi tútù, íǹkì yẹn kàn fà gbọọrọ wálẹ̀ bí okùn, ó lọ jókòó sísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, ó ń wò wá. Ìwé wọn ní ooru ló ń mú mólékù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di omi, sáré, mo kà á fún un, mo rò pé ó ti parí, ló bá ní "Mọ́mì, ṣé àwọn ti omi tútù ń sùn ni? Àwọn ti inú yìnyín ńkọ́, wọ́n ti kú?" Háà. Aṣọ ni mò ń tà o, mi ò ṣe sáyẹ́ǹsì. Èmi gan-an wá ní ìbéèrè tèmi: wọ́n ní 100 lomi ń hó, aṣọ tí mo sá sí pálọ̀ níbi tí oòrùn ò dé, ta ló se é tó fi gbẹ?

Láńre Físíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà. Ẹ sọ fún un pé kò sí èyí tó ń sùn nínú wọn. Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni òdo tó wà lára tẹmómítà, a rò pé ibẹ̀ lòtútù ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá dọ̀rọ̀ mólékù, láti nǹkan bíi dígírì 273 nísàlẹ̀ òdo yẹn la ti ń kà á. Omi fíríìjì tó jẹ́ 4 ti di 277 nìyẹn, omi gbígbóná tó jẹ́ 90 di 363, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn mọ́ àbí? Eré tí ti gbígbóná fi ju ti tútù lọ, bí ìdá kan nínú méje péré ni. Afẹ́fẹ́ yàrá tí ẹ jókòó sí yìí, mólékù naitrojín inú ẹ̀ ń sáré bíi mítà 500 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ti yìnyín náà ò kú, kálukú wà lójú kan ni, wọ́n ń gbọ̀n, bí èrò inú mólùé tó kún fọ́fọ́, ara ń mì, ẹsẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Àwọn kan tiẹ̀ ń rọ́nà sá lọ, ìdí nìyẹn tí yìnyín tó bá pẹ́ nínú fírísà fi máa ń kéré sí i.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:
Bọ̀dá Láńre, ẹ má bínú, ìṣirò yẹn ò wọlé sí mi. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú méje péré, kí ló wá dé tí íǹkì méjèèjì fi yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru? Àti mítà 500 ní sẹ́kọ́ǹdì kan kẹ̀? Tí aládùúgbò mi bá ń dín ata, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó débi imú mi, ojú fèrèsé wa sì kọjú síra wọn 😂

Láńre Físíìsì:
Hahaha, ìwọ tó o ń gbé Ìdúmọ̀tà ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ní oṣù December, tó o bá fẹ́ sáré gba àárín ọjà kọjá, ṣé ẹsẹ̀ ẹ ni ò lágbára ni àbí èrò ni ò jẹ́? Mólékù òórùn ata náà ń sáré, àmọ́ kó tó rìn jìnnà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà ó ti kọlu òmíì lọ́pọ̀ ìgbà, òmíì sì ti tì í padà.

Ti íǹkì, òótọ́ lo sọ, eré nìkan kọ́. Nínú omi, wọ́n di ara wọn mú, èyí tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ já ara ẹ̀ gbà. Ooru ló ń tú ọwọ́ wọn. Omi dígírì 4 ki tó ìlọ́po márùn-ún ti 90, ojú kàn lè má rí i bó ṣe ń rí i lára epo pupa nígbà ọyẹ́ ni. Èkejì, omi gbígbóná yẹn ń yí po fúnra ẹ̀, èyí tó wà lójú omi ń tutù ó ń sọ̀ kalẹ̀, tìsàlẹ̀ ń gòkè, wọ́n sì ń gbé íǹkì dání kiri. Tíṣà ò purọ́ o, àmọ́ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló wà nínú kọ́ọ̀bù yẹn, ó sì yẹ kó sọ fún àwọn ọmọ.

Yọmí Ìlọrin:
Ẹ ò tíì dá Mọ́mì lóhùn lórí aṣọ. Èmi máa fi àmù dáhùn. Ìyá ìyá mi ní àmù kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi inú ẹ̀ tutù ju ti ìta lọ, kò sí iná, kò sí fíríìjì. Ìdí ni pé dígírì tí tẹmómítà ń sọ, ti gbogbo wọn lápapọ̀ ni, ká pín in dọ́gba. Àwọn kan nínú wọn yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àwọn kan ń wọ́. Àwọn tó yára jù ló ń ráyè já kúrò lójú omi, kò dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá hó. Aṣọ yín náà nìyẹn mà. Tí àwọn tó yára bá wá lọ tán, àwọn tó ń wọ́ ló kù, lomi bá tutù. Amọ̀ ń jẹ́ kí omi máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ sára ìkòkò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń tutù gan-an torí afẹ́fẹ́ gbẹ, tó bá di àsìkò òjò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wá sílé fún ọdún, ló bá fi ọ́ìlì pẹ́ǹtì kun àmù yẹn lára yíká kó lè dára lójú àlejò. Bó ṣe di ìkòkò lásán nìyẹn. Màmá ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Tòlú:
Yéè, pẹ́ǹtì kẹ̀! Ẹ ṣé gan-an o, gbogbo yín. Mo ka ti mólùé fún un, ó ní kí ni mólùé. Ó sì ti gba fóònù mi báyìí, ó ń bi ìyá mi ní Ṣakí bóyá àmù ṣì wà nílé, kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kùn ún.