Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó yìí sílẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Manchester ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ilé iṣẹ́ mi ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ físà mi. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kì í sì í sanwó ìrìn yẹn. Èmi nìkan ni mo ń gbé ẹni tó yẹ kí èèyàn méjì gbé. Ẹ̀yìn ń ro mí débi pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Tí mo bá kúrò, 60 ọjọ́ ni ìjọba sábà máa ń fúnni láti fi wá onígbọ̀wọ́ tuntun, èmi ni mo sì ń san owó iléèwé àwọn ọmọ n'Íbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ẹ ti rí òmíràn kẹ́ ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀?