Ọ̀tún àti Òsì nínú oyè ọlọ́pàá

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka àbá yín pé kí á máa pe DIG (Deputy Inspector-General) àti AIG (Assistant Inspector-General), oyè méjì tó tẹ̀lé IGP, olórí ọlọ́pàá Nàìjíríà, ní "igbákejì ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá", kí á sì máa pe kọ́ńsítébù ní "akódà". Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á gbé "igbákejì" sínú gbólóhùn kan wò. Ká ní AIG tó ń darí Ẹkùn Kejì, tí Èkó àti Ògùn wà lábẹ́ rẹ̀, lọ jábọ̀ fún DIG l'Ábújá. Akọ̀ròyìn á kọ ọ́ pé: "Igbákejì ọ̀gá àgbà lọ jábọ̀ fún igbákejì ọ̀gá àgbà." Ta wá ni ọ̀gá níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni DCP àti ACP (Deputy àti Assistant Commissioner, lábẹ́ kọmíṣánnà), bẹ́ẹ̀ náà ni DSP àti ASP (Deputy àti Assistant Superintendent, lábẹ́ SP). Oyè mẹ́fà, orúkọ mẹ́ta. Àwọn kan ti dán "amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́" wò fún AIG, àmọ́ ẹni tó ń gbé báàgì tẹ̀lé ọ̀gá nìyẹn. AIG ní kọmíṣánnà lábẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá wà nílé. Nínú oyè ogun, Ọ̀tún Balógun ló tẹ̀lé Balógun, Òsì Balógun ló tẹ̀lé Ọ̀tún. Kò sí Yorùbá tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé pé Ọ̀tún ṣáájú Òsì. Kí DIG jẹ́ Ọ̀tún ọ̀gá pátápátá, kí AIG jẹ́ Òsì. DCP di Ọ̀tún kọmíṣánnà, ACP di Òsì. SP (Superintendent) ni alábòójútó, DSP ni Ọ̀tún rẹ̀, ASP ni Òsì. CSP (Chief Superintendent), tó ga ju SP lọ, ni alábòójútó àgbà. "Pátápátá" ni mo fi pe IGP, torí "ọ̀gá àgbà" ti di ti gbogbo ayé: wọ́n fi ń pe kọmíṣánnà, wọ́n fi ń pe dípíò (DPO), ọlọ́pàá tó ń darí àgọ́ kan, pàápàá. Bẹ́ẹ̀ dípíò kì í ṣe oyè, ipò ni. Bí wọ́n bá gbé e kúrò ní àgọ́ náà lọ́la, àmì èjìká rẹ̀ kò ní yí padà.

Ẹ lè ní Ọ̀tún kan ṣoṣo ni Balógun ń ní, DSP sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "igbákejì" kò bọ́ nínú ẹjọ́ yìí: ènìyàn mélòó ló lè ṣe ìkejì ẹnì kan?

Akódà ńkọ́? Ó ní ìtàn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí á gbé e fún ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ni akódà, abẹ́ ọba àti ìgbìmọ̀ ni wọ́n wà. Ọ̀tọ̀ ni Ọlọ́pàá Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1930 nígbà tí wọ́n da ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀. Wọ́n jọ wà títí ìjọba ológun fi tú ti ìbílẹ̀ ká lẹ́yìn 1966. Bí kọ́ńsítébù òní bá di akódà, kí la óò pe akódà nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ọdún 1950?

Kọ́ńsítébù, kọ́pùrà, sájẹ́ǹtì, ínsípẹ́kítọ̀: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ mọ̀ pé ìlà méjì lápá ni kọ́pùrà, mẹ́ta ni sájẹ́ǹtì.